Àbẹ̀kẹ́, Gbé Ìwé Náà Lọ Bá Wọn

Àbẹ̀kẹ́, jókòó. Má wo ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń pè ọ́. Bàbá rẹ sọ fún mi pé o ti kọ orí tó kẹ́yìn nínú àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ tán, pé ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ti ní kí o gbé e wá kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò kà á. Ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́. Kí ló wá dé tí ìwé ọ̀hún ṣì wà nínú àpò rẹ ní Ìfọ̀nyìn níbí? Mo rí ọ lálẹ́ àná nígbà tí o rò pé mo ti sùn. O pa gbólóhùn kan rẹ́, o tún un kọ, o tún pa á rẹ́, o wá kọ ti àkọ́kọ́ padà. Ọmọ mi, ìyẹn ti kúrò ní àtúnṣe. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́.

Má tíì dá mi lóhùn. Jẹ́ kí n bá ọ wí tán, lẹ́yìn náà kí o jẹun.

O mọ̀ pé iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ṣe ní fásítì Calavi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Orí tábìlì mi ni àwọn ọmọ ń gbé ìwé wọn lé. N kò kàwé tó yín, ṣùgbọ́n mo mọ gbogbo ibi tí àpilẹ̀kọ ń gbà, láti ọjọ́ tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá pe onítọ̀hún ní dókítà. Mo sì mọ àwọn ìwé tí kì í dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Àwọn yẹn ló máa ń dùn mí jù. Ọmọ tó lóye, tó ṣe ìwádìí, tó kọ ọ́ tán, tí gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà títí kọ̀ǹpútà fi kú. Bí mo bá rí irú wọn lójú títì, wọ́n á ní, "Màmá, ó kù díẹ̀." Kí ló kù? Kò sí nǹkan kan tó kù ju kí wọ́n gbé e wá lọ.

O rò pé bí o bá ti gbé e sílẹ̀, ìdájọ́ dé lójú ẹsẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò: orúkọ fásítì, orúkọ ẹ̀ka tó ń rí sí àwọn tó ń ṣe dókítà, àkòrí iṣẹ́, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó bójú tó ọ, àti orúkọ tìrẹ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìbí rẹ. Mo ti rí ọmọ tí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwé ìbí, tó sì ní láti lọ tẹ gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ lọ́tun. Lẹ́yìn ìyẹn, n ó ṣí ibi tí wọ́n to àwọn orí ìwé sí, n ó mú ọ̀kan, n ó wò ó bóyá ojú ewé tí wọ́n ní ó wà ló wà lóòótọ́. Ó yà ọ́ lẹ́nu? Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ẹni tó fara balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí pé iṣẹ́ náà ti tó í gbé jáde. Láìsí ìyẹn, n kì í gbà á, bó ti wù kí ọmọ náà sunkún tó. Ìwọ ti ní ìyẹn lọ́wọ́. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ọdún mẹ́ta wá, o ká a mọ́ inú ìwé kékeré kan, o fi ń sàmì sí ibi tí o kàwé dé.

Láti ọ́fíìsì, ìwé náà yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ẹ ń pè ní rapporteur. Àwọn yìí kò sí nínú àwọn tó tọ́ ọ. Wọ́n mọ iṣẹ́ náà, wọn kò mọ̀ ọ́, ẹlòmíràn nínú wọn sì lè wà ní Lomé tàbí ní Dakar. Wọ́n á kà á, wọ́n á kọ àbọ̀ ohun tí wọ́n rí. Ìparí àbọ̀ wọn kì í ju mẹ́ta lọ: kí ó wá gbèjà rẹ̀, kí ó tún ibí àti ibí ṣe kí ó tó wá gbèjà rẹ̀, tàbí pé kò tíì tó. Mo mọ̀ pé ti àárín yẹn ni kò jẹ́ kí o sùn. Ta ló sọ fún ọ pé ìtìjú ni? Mo ti fi ọwọ́ ara mi gba àbọ̀ tó kún ojú ewé mẹ́fà pẹ̀lú àtúnṣe, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀ ti di ọ̀gá lónìí. Ẹni tó fi ojú ewé mẹ́fà bá ọ wí ti ka ìwé rẹ dáadáa. Ẹni tó kọ ìlà mẹ́rin tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìyìn ni kí o bẹ̀rù, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò ṣí i.

Wo àwọn ìyá tó ń ṣe epo ní Ìfọ̀nyìn níbí. Bí epo bá jinná, wọn kì í gbé e pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n máa wò ó láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó wá rà á láti Àjàṣẹ́ ni yóò tọ́ ọ wò, tí yóò sọ bóyá omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, wọ́n á gbé e padà sórí iná, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sẹ́ni tó ń sunkún.

O ní o fẹ́ kó pé. Àbẹ̀kẹ́, ta ni tirẹ̀ pé lọ́jọ́ tó gbé e sílẹ̀? Mo mọ̀ pé orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú wà nínú ìwé rẹ, nítorí kò sẹ́ni tó lè kọ̀wé lórí àwọn obìnrin tó ń ná ọjà ní ibodè Igolo kó má dárúkọ wọn. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni wọ́n. Ní 1971 ni wọ́n gboyè ọ̀mọ̀wé ní Fásítì Ìbàdàn, lórí ohun tí ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fojú àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn rí láti 1889 dé 1945. Ọdún 1889 yẹn ni àwọn aláwọ̀ funfun fọwọ́ sí ìwé ní Paris, tí wọ́n fa ìlà sáàárín wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà yẹn la àwa Ìfọ̀nyìn náà sí méjì: àwa níbí, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó lọ́hùn-ún ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá. Ìyá ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n tó kú sí òdìkejì, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wa níwèé níhìn-ín, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nínú ilé, tí a ń sọ lẹ́nu lásán, ọmọ Ìmẹ̀kọ yẹn lọ wá ìwé rẹ̀ jáde, ó kọ ọ́, ó gbé e síwájú àwọn tó lè bi í ní ìbéèrè.

Ó di 1976 kí iléeṣẹ́ Longman tó tẹ iṣẹ́ náà jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ayé ń kà. Ọdún márùn-ún gbáko! Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí gba tiwọn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ìwé wọn lórí àwọn míṣọ́nnárì kò jáde títí di 1965. Karin Barber, òyìnbó obìnrin tó gbé Òkukù nítorí oríkì, tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Fásítì Ifẹ̀ ní 1979, ìwé tirẹ̀ di 1991. Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nìyẹn. Àpilẹ̀kọ ni o kọ, ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn. Àkókò tí wọ́n fi tún un ṣe wà lẹ́yìn tí wọ́n ti gboyè, lẹ́yìn tí àwọn àgbà ti wí wọn, tí àwọn náà ti lọ rò ó. Ìwọ fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọdún méjìlá tí Karin Barber fi ṣe ìwé kí o tó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

Ní ayé àtijọ́, ìbá yé mi. Oyè méjì ló ṣe pàtàkì nínú ètò Faransé nígbà yẹn: doctorat de troisième cycle, àti doctorat d'État tí èèyàn lè fi ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ, títí irun á fi funfun. Òfin 1984 ló sọ méjèèjì di ẹyọ kan lọ́dọ̀ àwọn Faransé, àwa náà sì tẹ̀lé wọn nígbà tó yá. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀dọ́ gboyè kó ṣì lágbára láti fi ṣiṣẹ́. Bó o bá ní àrùn doctorat d'État lára, jọ̀ọ́, ó ti kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọjọ́ soutenance, ọjọ́ ìgbèjà fúnra rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ̀rù wà. Gbọ̀ngàn náà ṣí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé. Àwọn ìgbìmọ̀ á wọlé, gbogbo ènìyàn á dìde. Àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló máa ń ṣe alága, kì í ṣe ẹni tó tọ́ ọ. Wọ́n á ní kí o sọ̀rọ̀, bí ogún ìṣẹ́jú tàbí ó lé díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ọmọ tó ń ka ìwé pélébé tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí wọn kò gbé ojú sókè. Ìwọ má kà á. Ìtàn àwọn obìnrin Igolo ni, o sì mọ̀ ọ́n sọ. O máa ń sọ ọ́ fún mi nídìí ààrò tí obẹ̀ á fi jóná.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ìgbìmọ̀ á gba ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ kí ọ, wọ́n á yìn ọ́. Má jẹ́ kí ìyẹn tàn ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí gbogbo ènìyàn. Wọ́n á kọ́kọ́ mú àwọn ohun tó jẹ mọ́ ìrísí ìwé: kọ́mà, lẹ́tà ńlá, ìwé tí o dárúkọ ní ojú ewé ogójì tí kò sí nínú àkójọ tó wà lẹ́yìn. Ó máa ń pẹ́, ojú á ti ọ́. Fara dà á, máa kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè gidi dé: kí ló dé tí o fi yan àwọn obìnrin wọ̀nyí, tí o kò yan àwọn mìíràn, báwo lo ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ nípa èrè wọn, kí ni iṣẹ́ rẹ fi kún ohun tí Asíwájú ti sọ. Bí o bá mọ ìdáhùn, dáhùn ní ṣókí. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, sọ pé ìwádìí rẹ kò dé ibẹ̀. N kò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn pa lára. Àmọ́ mo ti rí ọmọ tó ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn lórí ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà fúnra rẹ̀ kọ.

Wọ́n á wá ní kí gbogbo yín bọ́ síta. Ẹ óò dúró lábẹ́ igi, ìyá rẹ á máa gbàdúrà, bàbá rẹ á máa wo aago. Wọ́n á pè yín padà, gbogbo ènìyàn á dìde, alága á ka ìpinnu: pé o di dókítà, pẹ̀lú mention báyìí. Honorable, très honorable, tàbí très honorable pẹ̀lú ìkíni ìgbìmọ̀.

Mention yìí ni bàbá rẹ sọ pé ó ń dà ọ́ láàmú. Ó ní o ń bẹ̀rù kí wọ́n má fún ọ ní ti ìsàlẹ̀. Jẹ́ kí n rán ọ létí Cheikh Anta Diop, ọmọ Senegal. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn ará Paris ní 1951, pé aláwọ̀ dúdú ni àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, wọn kò rí ìgbìmọ̀ kó jọ láti gbọ́ ọ. Kò ká ìwé náà mọ́ inú àpò bíi tìrẹ. Ó gbé e fún iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé Présence Africaine, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1954, Nations nègres et culture. Ó padà wá kọ òmíràn, ó sì gbèjà rẹ̀ ní Sorbonne ní 1960. Mention honorable ni wọ́n fún un, ti ìsàlẹ̀ yẹn gan-an. Ìyẹn dí ọ̀nà fún un, nítorí kò kọ́ni ní fásítì Dakar títí di nǹkan bí 1981. Kí ló ṣe? Ó wọ inú IFAN, iléeṣẹ́ ìwádìí ní Dakar, ó dá yàrá ìwádìí sílẹ̀ tí wọ́n ti ń fi radiocarbon mọ ọjọ́ orí ohun àtijọ́. Ní 1974, ó jókòó ní Cairo nínú ìpàdé UNESCO, ó tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà síwájú àwọn onímọ̀ ayé. Ó kú ní 1986, ọdún kejì ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ fásítì Dakar náà. Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, ó ṣì ń bí mi. Ohun tí wọ́n ṣe fún un kò dáa. Ṣùgbọ́n wo ọkùnrin náà: ọ̀nà dí, kò fi ìwé pamọ́. Ìwọ, ọ̀nà là sílẹ̀ gbangba, wọ́n ń pè ọ́ kí o wá, o ń fi ìwé pamọ́.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí o sì ń bẹ̀rù yẹn náà, o mọ̀ pé ẹlòmíràn ń yẹ̀ wọ́n wò? Kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó gòkè nílẹ̀ wa, ó gbọ́dọ̀ kó ìwé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ CAMES ní Ouagadougou, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, kí àwọn ará orílẹ̀-èdè mìíràn kà á kí wọ́n tó gbà pé ó tó. Mo ti rí àgbàlagbà tí kò lè jẹun ní ọ̀sẹ̀ tí èsì CAMES ń bọ̀. Ẹni yẹn kan náà ló máa jókòó síwájú rẹ. Ó mọ bó ṣe rí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe soutenance yàtọ̀ síra káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni méjì ló sábà máa ń dán ọ wò, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ìyá rẹ kò ní rí nǹkan kan. Ní Sweden, wọ́n máa ń fi ìṣó kan àpilẹ̀kọ mọ́ ara ògiri ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ní Netherlands, bí àkókò bá ti pé, òṣìṣẹ́ kan á wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, á kígbe ní èdè Látìnì pé aago ti lù, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á sì dákẹ́. Àwọn Faransé tí a ti gba tiwa ti sọ ọ́ dòfin láti 2016 pé ẹni tó tọ́ ọ lè jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dá sí ìpinnu. Láti 2023, ẹni tó bá yege á tún búra pé òun á máa ṣe òótọ́ nínú iṣẹ́ ìmọ̀. Mo fẹ́ràn ìbúra yẹn gan-an. Ìbá wù mí kí a ní i níbi gbogbo.

Èyí mú mi rántí ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́dọ̀ bi ọ́, má sì bínú. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn, tìrẹ ni? Ibi tí o ti mú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, o dárúkọ onítọ̀hún? Ó dáa. Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo bi ọ́ nítorí pé Annette Schavan, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Jámánì, ní 1980 ló gboyè ọ̀mọ̀wé ní Düsseldorf. Ní 2013, fásítì yẹn gba oyè náà padà nítorí ọ̀rọ̀ tó mú lò láìdárúkọ ẹni tó ni ín, ó sì fi ipò sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, àṣírí ṣì tú. Bí ibì kan bá wà tí ọkàn rẹ kò balẹ̀ sí, ibẹ̀ nìkan ni mo fún ọ láyè láti tún ṣe, ìrọ̀lẹ́ òní ni kí o sì ṣe é.

Àti ọ̀rọ̀ màlúù. Ẹ gbọ́ ná, ìwé kò tíì dé ọ́fíìsì, bàbá rẹ ti lọ bèèrè iye màlúù, ìyá rẹ ti ń fi aṣọ ẹbí han àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ti rí ọmọ tó ń sun soutenance síwájú nítorí owó ìrẹsì àti ohun mímu, tó lọ yáwó, tó jẹ́ pé gbèsè lèso tó kọ́kọ́ jẹ nínú oyè náà. Kò sí òfin kankan tó ní kí o bọ́ gbogbo Ìfọ̀nyìn. Omi àti bísíkíìtì tó fún àwọn tó bá wá. Bí bàbá rẹ bá fẹ́ pa màlúù, kó pa á ní ilé rẹ̀, ní ọjọ́ mìíràn.

Owó ọkọ̀ àwọn obìnrin Igolo ni mo fẹ́ kí a wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Paulin Hountondji, tí wọ́n kọ́ni ní Calavi títí wọ́n fi dàgbà, tí wọ́n sì kú ní oṣù kejì 2024, máa ń bá àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wí pé ojú òkèèrè ni wọ́n ń wò bí wọ́n bá ń ṣe ìwádìí, pé àwọn ará ilé tí wọ́n kọ nípa wọn kì í gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ yẹn kàn ọ́. Àwọn obìnrin Igolo ló fi ọjọ́ ọjà dá ọ lóhùn, wọ́n gbé ọmọ sẹ́yìn, wọ́n ń ka owó náírà àti sẹ́fà, wọ́n sì ń sọ ohun tí ọlọ́pàá ibodè gbà lọ́wọ́ wọn. Gbọ̀ngàn náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, mo ti sọ fún ọ. Mo fẹ́ kí wọ́n jókòó níbẹ̀, ní ìlà iwájú, kí wọ́n gbọ́ bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń jiyàn lórí iṣẹ́ wọn. Bọ́ọ̀sì kan á kó wọn, èmi yóò san ìdajì, kí bàbá rẹ fi owó màlúù san ìyókù. Kí o sì kọ ojú ewé méjì ní Yorùbá tí wọ́n lè mú lọ sílé, kí àwọn ọmọ wọn kà á fún wọn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ ni kí o wọ̀, kí o gba ibẹ̀ dé Calavi kí ọ́fíìsì tó kún. Mú ìwé ìbí dání. Mú ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí kúrò nínú ìwé kékeré tí o fi ń sàmì sí yẹn, kí o fi í sínú ọ̀rá kó má bàa rọ. Bí akọ̀wé bá ní kí o jókòó dè wọ́n, jókòó, má bá wọn jà, àwọn náà níṣẹ́. Rí i pé wọ́n fún ọ ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́, kí o tó kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ òǹtẹ̀ náà tán, pè mí. Èmi yóò ti wà ní ọjà Igolo láti ìdajì, n óò ti máa sọ fún àwọn ìyá yẹn.

Ó yá, gbé àwo yẹn, obẹ̀ ti ń tutù.